Láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Òkè Òkun: Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Ìwé Ìrìnnà àti Físà fún Ìrìn-Àjò Afẹ́

Ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó bá wá bá mi nílé pé òun fẹ́ lọ kí ọmọ òun ní London, tàbí pé òun fẹ́ lọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì ní Ghana, ni pé, "Ọjọ́ wo lẹ fẹ́ gbéra?" Ọ̀pọ̀ kì í rí èsì fún un. Wọ́n ti mọ iye tí ẹ́jẹ́ǹtì máa gbà, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó, ṣùgbọ́n wọn kò tíì mú ọjọ́. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ yẹn gan-an la fi ń díwọ̀n gbogbo ohun yòókù, pàápàá fún àwa tí à ń gbé Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí pé Ìbàdàn ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń gba ìwé ìrìnnà, Èkó tàbí Àbújá la sì ti ń tẹ̀ka fún físà. Ẹni tó ń gbé Ìkẹjà lè jí lówùúrọ̀ kó lọ, kó sì padà wá jẹun ọ̀sán nílé. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyí tí mo fi kọ ìtọ́sọ́nà yìí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mú ọjọ́, kí ẹ sì kà á padà sẹ́yìn

Mo máa ń gba ènìyàn níyànjú pé kí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò. Àwọn orílẹ̀-èdè 29 tó ń lo físà Schengen ní Yúróòpù, bíi Faransé, Jámánì, Ítálì àti Sípéènì, ń gba ìbéèrè láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò, òfin wọn sì ni pé kí ìbéèrè ti dé ọwọ́ wọn, ó kéré tán, ní ọjọ́ 15 ṣáájú ọjọ́ náà. Ọjọ́ 15 ni wọ́n ní láti fi dáhùn, ṣùgbọ́n wọ́n lè fà á dé ọjọ́ 45 bí ọ̀rọ̀ bá gba àyẹ̀wò. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ kì í gba ìbéèrè físà ìbẹ̀wò bí ó bá ku ohun tó ju oṣù mẹ́ta lọ kí ènìyàn gbéra, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n sì sábà ń fi ṣe ìpinnu lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti tẹ̀ka. Ẹ kíyè sí i pé kò sí èyí tó ka àkókò tí ẹ óò fi tún orúkọ ṣe, tàbí èyí tí ẹ óò fi dúró de ìwé ìrìnnà, mọ́ ọn. Bí àwọn ọmọ iléèwé bá sì ti fẹ́ gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn, àyè ní àwọn ibùdó ìtẹ̀ka a máa ṣọ̀wọ́n.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ tẹ́ gbogbo ìwé yín sórí tábìlì kan

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ nìyí, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti rí ìbàjẹ́ tó pọ̀ jù. Ẹ kó ìwé NIN, ìwé ìrìnnà àtijọ́ bí ẹ bá ní, ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó, ìwé ẹ̀rí iléèwé àti ìwé báǹkì yín jọ lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ sì ka orúkọ tó wà lórí wọn ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Àwa Yorùbá lórúkọ púpọ̀, a sì máa ń gé wọn kúrú bó ṣe wù wá. Ẹnì kan ń jẹ́ Oluwaseun lórí ìwé ìrìbọmi, ó ń jẹ́ Seun ní báǹkì, ó sì ń jẹ́ Seun Mary lórí NIN. Obìnrin fi orúkọ bàbá rẹ̀ jáde iléèwé, ó fi orúkọ ọkọ gba NIN, orúkọ ọmọ rẹ̀ ni gbogbo ọjà sì mọ̀ ọ́n sí. Wọ́n a kọ Rasheed níbì kan, wọ́n a kọ Rasidi níbòmíràn. Àní orúkọ ìlú wa pàápàá kò yọ sílẹ̀: Ogbomoso lórí ìwé kan, Ogbomosho lórí èkejì. Ti orúkọ ìlú kò fi bẹ́ẹ̀ le, bí ẹ bá ti mú ọ̀kan tí ẹ sì dúró tì í nínú gbogbo fọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n orúkọ ènìyàn àti ọjọ́ ìbí gbọ́dọ̀ bára mu délẹ̀.

Ọjọ́ ìbí ló máa ń fa wàhálà fún àwọn àgbà. Nígbà tí wọ́n bí ọ̀pọ̀ nínú wọn, kò sí ẹni tó ń kọ ọjọ́ sílẹ̀ nínú agbo ilé. Wọ́n mọ ọdún ọba tàbí ọdún ìṣẹ̀lẹ̀ tí wọ́n bí wọn sí, ẹni tó bá sì ń kọ fọ́ọ̀mù fún wọn a fi ọjọ́ tó bá wá sí i lọ́kàn síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní ọjọ́ ìbí kan lórí ìwé ìrìnnà àtijọ́, ó ní òmíràn lórí NIN, ọdún mẹ́fà ló sì wà láàárín méjèèjì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni a wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn lórí ọ̀rọ̀ yìí nìkan, ìyá náà sì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ká ní a ti tẹ́ àwọn ìwé náà sílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní ni, a kì bá ti fi ara àgbàlagbà wọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

NIN ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, torí òun ni iléeṣẹ́ tó ń rí sí ìwọlé-wọ̀de fi ń mọ ẹni tó fẹ́ gba ìwé ìrìnnà. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ ìbí ló ní àtúnṣe, ẹ óò nílò ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ Àjọ Ètò Ìkànìyàn. Bí ó bá jẹ́ orúkọ lẹ yí padà, ìwé ìbúra kóòtù àti ìkéde nínú ìwé ìròyìn ni wọ́n sábà ń béèrè, tàbí ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó fún obìnrin tó ń mú orúkọ ọkọ. Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú wọn sínú fáìlì kan ṣoṣo tí ẹ óò máa gbé kiri títí ìrìn-àjò yóò fi parí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ìwé ìrìnnà

Orí íntánẹ́ẹ̀tì, lójú òpó iléeṣẹ́ ìwọlé-wọ̀de Nàìjíríà, ni a ti ń kọ fọ́ọ̀mù, ibẹ̀ náà la sì ti ń sanwó. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ìwé ìrìnnà olójú-ewé 32 tó wà fún ọdún 5 di ₦100,000, olójú-ewé 64 tó wà fún ọdún 10 sì di ₦200,000. Ẹ tọ́jú rìsíìtì. Lẹ́yìn náà ni ẹ óò lọ fúnra yín láti ya fọ́tò kí ẹ sì tẹ̀ka. Kò sí ẹni tó lè bá yín tẹ̀ka, nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé òun lè gba ìwé ìrìnnà fún yín láìjẹ́ pé ẹ dé ibẹ̀, ẹ sá fún un.

Lójú tèmi, ìwé olójú-ewé 32 tó fún àgbàlagbà tó fẹ́ lọ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Oníṣòwò tó ń gba ibodè Sẹ̀mẹ̀ kọjá ní oṣooṣù ni olójú-ewé 64 yẹ, torí òǹtẹ̀ ibodè máa ń jẹ ojú-ewé tán kíákíá.

Ẹ ṣọ́ ọjọ́ ìparí rẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fẹ́ kí ó ṣẹ́ ku oṣù mẹ́fà, ó kéré tán, lórí ìwé náà. Ti Schengen ni pé kí ó ku oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n ti ṣe é láàárín ọdún 10 tó kọjá, kí ojú-ewé méjì sì ṣófo nínú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ mọ irú ẹnu-ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà wọlé

Orílẹ̀-èdè wà tí kò béèrè físà lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà, òmíràn wà tó ń fún ni ní físà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí ní pápákọ̀ òfurufú, òmíràn sì wà tí a gbọ́dọ̀ lọ tẹ̀ka fún kí a tó kúrò nílé.

Àwọn tó wà nínú ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ló sún mọ́ wa jù. Ìlànà ìrìnkèrindò tí wọ́n fọwọ́ sí ní Dakar ní ọdún 1979 fún ọmọ ẹgbẹ́ kan láyè láti wọ orílẹ̀-èdè ẹgbẹ́ mìíràn láìgba físà, kí ó sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 90. Mali, Burkina Faso àti Niger ti kúrò nínú ẹgbẹ́ yìí ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2025, nítorí náà kí ẹni tó fẹ́ lọ síbẹ̀ kọ́kọ́ wádìí. Àìgba físà kò túmọ̀ sí àìní ìwé. Ìwé ìrìnnà tàbí káàdì ìdánimọ̀ tí ECOWAS fọwọ́ sí ṣe pàtàkì, bẹ́ẹ̀ náà ni káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ tí a mọ̀ sí yẹ́lò káàdì, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí ìwé ìrìnnà yín nígbà tí ẹ bá ń jáde àti nígbà tí ẹ bá ń wọlé ní ibodè kọ̀ọ̀kan. Mo mọ̀ pé awakọ̀ mìíràn a ní kí èrò má wulẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, pé òun á bá aṣọ́bodè sọ̀rọ̀. Ẹ sọ̀ kalẹ̀.

Kò yẹ kí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ òǹtẹ̀ yìí. Ilé tí kò ní ẹni tó ti ṣòwò ní Ghana rí kò pọ̀ nílùú wa. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n kúrò. Àwọn tó ti lo ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀, tí wọ́n ti kọ́lé, tí wọ́n ti bímọ, kó ẹrù díẹ̀ tí wọ́n lè gbé, wọ́n sì fi ìyókù sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Kò sáà sí ẹni tó béèrè ìwé lọ́wọ́ wọn rí títí di ọjọ́ náà. Ìtàn yẹn ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà, òun ló sì ń mú mi rin kinkin mọ́ òǹtẹ̀ kékeré tí àwọn ẹlòmíràn ń fojú fò.

Rwanda náà ń jẹ́ kí ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà wọlé fún ọjọ́ 30 láìsan owó físà. Fún orílẹ̀-èdè tó ń lo físà orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wá ojú òpó ìjọba wọn gan-an, torí àwọn oníjìbìtì máa ń ṣe èyí tó jọ ọ́ bí ìbejì. Ẹni tó bá ń lọ sí Saudi Arabia pẹ̀lú físà ìbẹ̀wò kò lè fi ṣe Hajj, ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé ó ṣeé ṣe ń tan yín ni. Ní ti Amẹ́ríkà, ìkéde ààrẹ wọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026 ti dá físà ìbẹ̀wò dúró fún ọmọ Nàìjíríà, àfi àwọn díẹ̀ tí wọ́n yọ sílẹ̀. Ẹ ka ohun tó wà lójú òpó ilé-iṣẹ́ aṣojú wọn ní ọjọ́ tí ẹ fẹ́ sanwó, torí wọn kì í dá owó fọ́ọ̀mù padà.

Ohun kan tún wà tí àwọn ènìyàn kì í rò. Bí ọkọ̀ òfurufú yín bá máa dúró ní Frankfurt tàbí Paris kí ẹ tó wọ òmíràn, ọmọ Nàìjíríà nílò físà ìkọjá pápákọ̀ ní àwọn orílẹ̀-èdè Schengen, bí ẹ kò tiẹ̀ ní jáde síta rárá, àfi bí ẹ bá wà lára àwọn tí òfin yọ sílẹ̀, irú bí ẹni tó ní físà Kánádà tàbí ti Amẹ́ríkà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ bi ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì léèrè kí ẹ tó mú ọ̀nà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ̀rí owó àti ẹ̀rí pé ẹ óò padà

Ohun méjì ni ẹni tó ń yẹ ìwé yín wò fẹ́ mọ̀: ta ló ń gbé ìnáwó ìrìn-àjò yìí, kí ló sì máa mú yín padà sílé? Òṣìṣẹ́ ìjọba tàbí olùkọ́ ní yunifásítì LAUTECH kò ní ìṣòro púpọ̀. Ìwé ìgbanisíṣẹ́, ìwé owó oṣù àti lẹ́tà tó fi hàn pé wọ́n fún un ní ìsinmi ti tó o, pẹ̀lú ìwé báǹkì oṣù mẹ́fà tí owó oṣù ti ń wọlé déédéé.

Ìyá tó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Igbó, tàbí bàbá tó ní oko kajú, ni ọ̀rọ̀ yìí kàn gan-an. Owó wà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n inú àjọ, inú ọjà àti ọwọ́ oníbàárà ló wà. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba báǹkì kọjá ní oṣù mẹ́fà yẹn: bí ọjà bá ti tà, kí owó rẹ̀ wọ báǹkì lọ́sẹ̀ náà, bí ó ti wù kó kéré tó, kí wọ́n sì ti báǹkì sanwó fún ẹni tó ń já ọjà fún wọn. Àkọsílẹ̀ tó ń wọlé tó ń jáde bẹ́ẹ̀ ń fi iṣẹ́ hàn ju mílíọ̀nù márùn-ún tó kàn já lulẹ̀ lọ́jọ́ kan lọ. Ẹ fi ìwé ìforúkọsílẹ̀ okòwò láti CAC kún un, ìwé owó orí, ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, àti ìwé ilé tàbí ti ilẹ̀ bí ó bá wà. Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ lẹ́tà kan, ojú-ewé kan péré, tí yóò sọ iṣẹ́ yín, ẹni tó máa bójú tó ọjà nígbà tí ẹ kò bá sí ńlé, àti àwọn ọmọ tàbí òbí tí ẹ ń tọ́jú. Mo gbà gbọ́ pé lẹ́tà yìí ṣe pàtàkì fún àwọn ènìyàn wa ju bí wọ́n ṣe rò lọ, torí òun ni yóò túmọ̀ ìgbésí ayé ọjà fún ẹni tí kò dé Ògbómọ̀ṣọ́ rí.

Bí ó bá jẹ́ ọmọ yín ní òkè òkun ló fẹ́ gbé ìnáwó, kí ó fi lẹ́tà ìpè ránṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé ìgbélùú rẹ̀, ìwé owó oṣù rẹ̀ àti ìwé báǹkì rẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀rí pé ẹ jẹ́ òbí rẹ̀ kún un. Ìwé tiyín náà gbọ́dọ̀ wà ńbẹ̀. Ìwé ọmọ kò lè dúró fún ti òbí. Bí ẹ bá ń mú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lọ, tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ kò sì bá yín lọ, ẹ mú ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ àti lẹ́tà ìyọ̀ǹda tí ẹni tó kù nílé fọwọ́ sí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Fọ́ọ̀mù, owó, àti ọjọ́ ìtẹ̀ka

Ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ fọ́ọ̀mù, tàbí kí ẹ jókòó ti ẹni tó ń bá yín kọ ọ́ ní káfè títí yóò fi parí. Bí wọ́n bá béèrè bóyá wọ́n ti kọ̀ láti fún yín ní físà rí, ẹ sọ òtítọ́. Físà Schengen jẹ́ 90 yúrò fún àgbà, 45 yúrò fún ọmọ ọdún 6 sí 11, ọ̀fẹ́ sì ni fún èyí tí kò tó ọdún 6. Ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún oṣù mẹ́fà, di 127 pọ́n-ùn ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Schengen tún fẹ́ ìwé adójútòfò ìrìn-àjò tó lè san 30,000 yúrò, ó kéré tán, fún ìtọ́jú àìsàn. Bí ẹ bá fẹ́ dé orílẹ̀-èdè púpọ̀ nínú wọn, èyí tí ẹ máa pẹ́ sí jù ni kí ẹ kọ̀wé sí. Bí ọjọ́ bá dọ́gba, èyí tí ẹ máa kọ́kọ́ wọ̀ ni. Ní ti tíkẹ́ẹ̀tì àti òtẹ́ẹ̀lì, ẹ gba àyè pa mọ́ láìsan gbogbo owó títí físà yóò fi jáde.

Ọjọ́ kan ṣáájú ìtẹ̀ka ni kí ẹ ti wà ní Èkó. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ọkọ̀ ìdájí, torí ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ àti ti Ìbàdàn sí Èkó kò ṣeé fi ọkàn tán. Ẹ mú ojúlówó ìwé àti ẹ̀dà rẹ̀ dání, kí àwọn tó lẹ́ làálì tàbí tí wọ́n ní ọgbẹ́ lọ́wọ́ jẹ́ kí ìka wọn mọ́ kí ọjọ́ náà tó dé.

Nípa àwọn ẹ́jẹ́ǹtì

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ wọn pẹ̀lú òtítọ́ wà, wọ́n sì lè gba yín lọ́wọ́ àṣìṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun lè "ṣètò" ìwé báǹkì, tàbí pé òun á yá yín lówó ọ̀sẹ̀ kan kí àkáǹtì lè tóbi, ń wa kòtò fún yín ni. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè fi ọdún 10 dí ọ̀nà fún ẹni tó bá fi irọ́ béèrè físà. Ẹ́jẹ́ǹtì á ti gba owó rẹ̀ lọ, orúkọ tiyín ló sì máa wà níbẹ̀. Mo mọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò mọ̀ pé lẹ́tà iṣẹ́ ayédèrú wà nínú fáìlì òun títí ìwé ìkọ̀sílẹ̀ fi dé. Ọmọ dáadáa ni, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn mí títí di òní. Ẹ ka gbogbo ojú-ewé kí wọ́n tó fi ránṣẹ́.

Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́

Ẹ ka ìdí tí wọ́n kọ, ẹ má ṣe sáré tún fi ìwé kan náà sílẹ̀. Bí wọ́n bá ní àwọn kò gbà pé ẹ óò padà, ẹ̀rí tuntun ni kí ẹ wá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Òfin Schengen fún yín láyè láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ìlànà rẹ̀ sì wà nínú ìwé ìkọ̀sílẹ̀ náà.

Ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn: Láti ilé dé ibodè

Ẹ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ó kéré tán ọjọ́ 10 ṣáájú ìrìn-àjò, torí káàdì rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ títí ọjọ́ 10 yóò fi pé. Láti oṣù keje ọdún 2016, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ènìyàn bá gbà á tó o títí ayé rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn elétò ìlera ibodè ni kí ẹ ti gba káàdì. Èyí tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kò ní orúkọ nínú kọ̀ǹpútà ìjọba. Bí owó tó wà lọ́wọ́ yín bá ju $10,000 lọ, ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ rẹ̀ fún àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ní pápákọ̀.

Ẹ má ṣe di àwọn ìwé yín sínú ẹrù tó ń lọ sínú ikùn ọkọ̀. Àdírẹ́sì ibi tí ẹ ń lọ, nọ́ńbà ẹni tó ń dúró dè yín, tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ àti lẹ́tà ìpè ni kí ó wà nínú àpò ọwọ́, torí físà nìkan kò wọlé fún ni. Ẹni tó jókòó ní ibodè ló ń fúnni láyè. Ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù gan-an ni kí ẹ sọ fún un, ní ṣókí. Ìyá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè sọ pé òun fẹ́ ẹni tó máa túmọ̀ Yorùbá, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Bí ẹ bá wọlé, ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Ọjọ́ 90 nínú ọjọ́ 180 ni Schengen ń gbà láyè, ọjọ́ tí ẹ wọlé àti ọjọ́ tí ẹ jáde sì wà nínú kíkà. Ẹ má ṣiṣẹ́ owó pẹ̀lú físà afẹ́, bí ó ti wù kí àǹfààní rẹ̀ dùn tó. Bí ẹ bá sì padà délé, ẹ má sọ ìwé ọkọ̀ òfurufú nù, kí ẹ sì tọ́jú ìwé ìrìnnà náà bí ọjọ́ rẹ̀ bá tiẹ̀ ti parí, torí ẹ̀rí pé ẹ lọ tí ẹ sì bọ̀ ní àkókò wà nínú rẹ̀, òun sì ni ìwé àkọ́kọ́ tí ẹ óò tẹ́ sórí tábìlì nígbà mìíràn.